Ta Ni Adójútòfò Ń Dójú Tì?

Nígbà tí àwọn tí wọ́n mọ èdè wa lò ń wá orúkọ tí wọn yóò fi pe òwò tí Òyìnbó ń pè ní ínṣọ́ránsì, ọgbọ́n ni wọ́n fi sọ ọ́ ní adójútòfò. Òfò ni wọ́n ní kí ojú kí ó tì. Wọ́n ní bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, bí olè bá kó ọjà, bí ọkọ̀ bá dànù ní ojú títì, ẹni tí ó ti san owó rẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú yóò lè wo òfò lójú, yóò sì wí fún un pé, "Ìwọ òfò, o dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò bá mi lójijì." Orúkọ rere ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rere kò tó, àfi bí ìwà bá bá a mu. Ìbéèrè tí àwa fẹ́ bi àwọn ènìyàn wa ní ọ̀sẹ̀ yìí ni èyí: lónìí, ta ni adójútòfò ń dójú tì? Ṣé òfò ni, tàbí ẹni tí òfò ṣe?

A kò béèrè láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Balógun, ní Gbági àti ní Kútọ̀, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í kọjá kí a má gbọ́ pé iná jó ọjà kan. Ní oṣù kọkànlá 2019 iná jó ní ọjà Balógun ní Èkó. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ní oṣù kìíní 2020, iná tún jó níbẹ̀. Lẹ́yìn iná ni ẹkún. Lẹ́yìn ẹkún ni ìwé. Ẹni tí kò ní ìwé adójútòfò rárá yóò gba kádàrá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé, tí ó ti ń san owó láti ọdún dé ọdún, òun ni ó rò pé òun ní ibi ìsádi. Òun ni ó ń gbé ìwé rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́, tí a sì ń wí fún un pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, àdéhùn wa kò gba èyí. Ẹ wo ojú ewé kẹsàn-án, ìlà kejìlá." Lẹ́tà tí ó wà ní ìlà kejìlá náà sì kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ìbànújẹ́ irú èyí ju ti iná lọ. Iná kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

ỌGBỌ́N TÍ A TI NÍ TẸ́LẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí sí wa. Kí Òyìnbó tó dé ni a ti mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí òrùlé ẹnì kan bá jó, ọ̀wẹ̀ ni a fi ń tún un kọ́. Bí oko ẹnì kan bá ju agbára rẹ̀ lọ, àáró ni a fi ń ro ó. Bí ó bá sì di ọ̀ràn owó, èésú àti àjọ wà. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ojú wà. Ẹni tí ó bá kó èésú tán tí ó kọ̀ láti dá ti ẹlòmíràn mọ̀ pé òun kò ní lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́ mọ́.

Ní 1921 ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ẹ̀ka sí Èkó, tí òwò náà sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlànà Òyìnbó. Nígbà náà, ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kó kòkó àti ekùrọ́ lọ sí òkè òkun ni ó jẹ wọ́n lógún. Ta ni yóò ronú kan ìyá aláṣọ? Ó di 1958 kí a tó dá African Insurance Company sílẹ̀, èyí tí í ṣe ti ọmọ ilẹ̀ yìí ní àkọ́kọ́. Òfin sì ń tẹ̀lé òwò: òfin ọkọ̀ ti 1945, òfin ẹrù orí òkun ti 1961, tí a dà kọ láti inú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1906, òfin 2003, àti èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 2025, tí ó kó àwọn ti ìṣáájú jọ sójú kan tí ó sì rọ́pò wọn. Àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ ti di tiwa. Àwọn agbẹjọ́rò àti adájọ́ ti di tiwa. Ohun tí kò tíì di tiwa ni èdè tí a fi kọ ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé kan kí a tó lọ jìnnà. Òfin 2025 ni ó wà lórí àga nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹnì kan ti ní lábẹ́ òfin 2003 kò bá òfin náà kú. Òfò tí ó ṣẹlẹ̀ kí òfin tuntun tó dé, òfin àtijọ́ ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Nítorí náà ni a ó ṣe máa mẹ́nu ba òfin 2003 léraléra nínú ọ̀rọ̀ yìí.

OWÓ TÍ KÒ DÉ IBI TÍ A RÁN AN

Ìjà kìíní ni ìjà owó. Òfin 2003, ní ẹsẹ̀ 50, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá gba owó ni àdéhùn tó fìdí múlẹ̀. Bí a kò bá tíì san owó, kò sí ààbò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbé ìlànà yìí lẹ́sẹ̀ ní 2014 nínú ẹjọ́ Corporate Ideal Insurance àti ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta. Láti oṣù kìíní 2013 pàápàá ni NAICOM, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso òwò yìí, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú un pé kí ilé-iṣẹ́ kankan má ṣe ta ààbò ní àwìn mọ́.

Àwa kò bá èyí jà. Ẹni tí kò dá àjọ kò lè retí láti kó àjọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í san owó fún ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Alágbàtà ni wọ́n ń fún. Alágbàtà a sì máa fi òní dọ́la, fi ọ̀la dọ́tunla. Ìwé yóò wà lọ́wọ́ oníṣòwò, òǹtẹ̀ yóò wà lára ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ iná ni yóò tó mọ̀ pé owó òun kò dé ibi tí òun rán an. Òfin 2003 ti rí èyí ṣáájú. Nínú ẹsẹ̀ 50 kan náà ni ó ti sọ pé owó tí alágbàtà tí a mọ̀ lábẹ́ òfin bá gbà lórí òwò tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kí a kà á sí pé ilé-iṣẹ́ ni ó gbà á. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí kì í ṣe ohun tí wọn yóò sáré sọ fún yín ní orí káńtà. Gbèsè tí ó wà láàárín ilé-iṣẹ́ àti alágbàtà rẹ̀, ilé ara wọn ni kí wọ́n ti yanjú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe gbé e ka orí opó tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọkùnrin tí ń ta ìwé lábẹ́ igi ní ọgbà tí a ti ń gba nọ́ńbà ọkọ̀ kì í ṣe alágbàtà tí òfin mọ̀.

TA NI Ó MÚ KÁLÀMÙ?

Ìjà kejì ni ti fọ́ọ̀mù. Gbòǹgbò rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1766, adájọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Lord Mansfield dá ẹjọ́ kan tí ó jẹ mọ́ odi ológun kan ní erékùṣù Sumatra. Ó ní ẹni tí ń ra ààbò ni ó mọ inú ọ̀ràn ara rẹ̀; ẹni tí ń tà á kò rí nǹkan kan ju ohun tí a bá sọ fún un lọ; nítorí náà kí oníkálukú bá ẹnì kejì rẹ̀ lò pẹ̀lú òtítọ́ inú. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ òtítọ́ inú di pàkúté. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1906, bí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan bá wà tí o kò sọ, bí a kò tilẹ̀ bi ọ́, ilé-iṣẹ́ lè fa gbogbo àdéhùn ya.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí inú wa dùn díẹ̀. Òfin tiwa ti 2003, ní ẹsẹ̀ 54, ní bí ilé-iṣẹ́ bá ní kí ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù, gbogbo ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni kí ó béèrè nínú fọ́ọ̀mù náà. Ohun tí kò bá béèrè, a kò ní kà á sí pàtàkì. Ẹsẹ̀ 55 tún fi kún un pé, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ rú májẹ̀mú kan, ilé-iṣẹ́ kò lè fi ṣe àwáwí àyàfi bí májẹ̀mú náà bá jẹ mọ́ ewu tàbí òfò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti dà á kọ kò tún tiwọn ṣe fún àwọn mẹ̀kúnnù títí di 2012, wọn kò sì tún ti àwọn oníṣòwò ṣe títí di 2015. Nínú èyí, ọmọ ṣáájú ìyá dé ọjà. Kí ni ó wá dé tí àwọn ènìyàn wa fi ń pàdánù ẹ̀tọ́ tí òfin ti fún wọn? Nítorí pé wọn kò mọ̀ ni.

Ẹ̀gún kan sì wà nínú òfin 2003 náà. Ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ sára fọ́ọ̀mù pé, bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù, kí a kà á sí pé aṣojú ẹni tí ń ra ààbò ni ó jẹ́ nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ẹ fi ojú inú wo bí ó ti ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ṣọ́ọ̀bù ìyá aláṣọ. Àpò ilé-iṣẹ́ ni ó gbé kọ́ èjìká, ilé-iṣẹ́ ni ó ń san owó ọ̀yà rẹ̀. Ó bi ìyá léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń ta ohun tí iná lè ràn lára rẹ̀ ní tòsí. Ìyá ní, "Ìyàwó kan ń ta kẹrosíìnì ní ìsọ̀ kẹta." Ọ̀dọ́mọkùnrin ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Mà, ìyẹn kò ṣe nǹkan," ó sì kọ "Rárá." Ìyá tẹ ìka. Ní ọdún kejì iná dé. Ilé-iṣẹ́ wo fọ́ọ̀mù, wọ́n ní, "Ẹ purọ́ fún wa, Ìyá." Ìyá ní ọmọ yín ni ó kọ ọ́. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yín ni."

Kí àwọn agbẹjọ́rò má ṣe sọ fún wa pé òfin ni òfin. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé òfin tí ó sọ ọmọ ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ oníbàárà ní ìṣẹ́jú tí ó mú kálàmù, tí ó sì tún dá a padà fún ilé-iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú tí ó gba owó, òfin tí kò bá ìwà ọmọlúàbí mu ni. Ẹni tí ó mú kálàmù ni kí ó ru ẹ̀bi kálàmù. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú fọ́ọ̀mù kankan tí à ń tẹ̀ lónìí, kí NAICOM pa á rẹ́.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ń JẸ́ "ÀYÀFI"

Ìjà kẹta ni ó le jù. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn, kò sí èyí tí ó lágbára tó "àyàfi." Ojú ewé kìíní yóò sọ pé ààbò wà fún iná. Ojú ewé kẹsàn-án yóò sọ pé, àyàfi iná tí ogun dá sílẹ̀, àyàfi iná tí ọ̀tẹ̀ dá sílẹ̀, àyàfi èyí tí rògbòdìyàn ìgboro dá sílẹ̀.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa títí di oṣù kẹwàá 2020. Àwọn ọ̀dọ́ jáde láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìwà àwọn ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS; ìbọn dún ní Lẹ́kí ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Èkó di iná. Àwọn bọ́ọ̀sì tí ó wà ní ibùdókọ̀ Òyìngbò jó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni a fọ́, tí a kó ọjà inú wọn lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga tí ó wà ní Ìgbósẹ̀rẹ̀ pàápàá jó pẹ̀lú àwọn ìwé ẹjọ́ inú rẹ̀, bí ẹni pé iná náà fẹ́ rí i dájú pé kò sí ibi tí a ó ti pe òun lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn oníṣòwò gbé ìwé wọn jáde, àwọn tí wọ́n ti san owó díẹ̀ kún un fún ààbò rògbòdìyàn rí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn tí kò san án bá "àyàfi" pàdé.

Ẹjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó fọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ náà tí ó gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lọ sílé, olè ni, tàbí onírògbòdìyàn? Bí ó bá jẹ́ olè, ààbò olè lè mú un. Bí ó bá jẹ́ onírògbòdìyàn, "àyàfi" dé. Bí ìjà bá parí ní ọ̀sán, tí iná sì ràn ní òru, èwo ni ó pa ọjà? Òfin ní ìdáhùn tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn há sórí. Èkíní, ẹni tí ń béèrè owó ni yóò fi hàn pé irú òfò tí àdéhùn dárúkọ ni ó ṣe òun. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ sá sábẹ́ "àyàfi," ilé-iṣẹ́ ni yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ní ìtumọ̀ méjì, kí adájọ́ mú èyí tí ó gbe ẹni tí kò kọ ìwé náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ní àyè láti kọ ọ́ kí ó yé ni. Kì í ṣe ojú àánú ni èyí, òfin ni.

ÌDAJÌ OWÓ, ÌDAJÌ ÀÀBÒ

Ìjà kẹrin, àìmọ̀ ni ó ń fà á ju ìwà ibi lọ. Ìyá kan ní ọjà mílíọ̀nù náírà 10 nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí owó tí yóò máa san lọ́dọọdún lè kéré, ó ní mílíọ̀nù 5 ni. Iná jó èyí tí ó tó mílíọ̀nù 4. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé, "Mílíọ̀nù 4 kò tó 5, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò san." Wọ́n sì fún un ní mílíọ̀nù 2. Ó figbe ta pé wọ́n jà á lólè. Wọn kò jà á lólè. Ìdajì ọjà ni ó gbé fún ilé-iṣẹ́. Ìdajì kejì, orí ara rẹ̀ ni ó gbé e kà. Nítorí náà, nínú òfò kọ̀ọ̀kan, ìdajì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ìdajì jẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó ní ọ̀nà mìíràn. Kí oṣù kẹfà 2023 tó parí, dọ́là kan tí à ń rà ní nǹkan bí náírà 470 ní ọwọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Kí 2024 tó parí ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí ó ka iye ọjà rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí kò sì tún un kà, ti di ẹni tí ó ní ìdajì ààbò láìpurọ́ rárá. Owó náírà ni ó purọ́ fún un. Ta ni ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún un nígbà tí ó ń sọ ìwé rẹ̀ di ọ̀tun? Ẹni tí ó mọ ìṣirò ni, tí ó sì ń gba owó rẹ̀.

ỌJỌ́ PÍPẸ́

Òfin 2003, ní ẹsẹ̀ 70, fún ilé-iṣẹ́ ní àádọ́rùn-ún (90) ọjọ́. Bí ó bá gbà pé òun jẹ gbèsè, kí ó san án láàárín rẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ó kọ̀wé sọ ìdí rẹ̀ láàárín rẹ̀. Kò fi àyè sílẹ̀ fún "ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀." Síbẹ̀ a mọ bí ó ti ń rí. Wọn yóò rán ẹni tí ń díwọ̀n òfò wá. Yóò ní òun ń dúró de ìwé àwọn panápaná. Àwọn panápaná yóò ní ẹ wá lọ́la. Ilé-iṣẹ́ yóò ní ọ̀gá kò sí nílé. Bí ọ̀ràn bá sì wá dé kóòtù, ọdún ni a fi ń kà á, a kì í fi oṣù kà á mọ́. Owó tí ó tó kọ́ ilé nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lè má tó ra páànù nígbà tí ìdájọ́ bá dé. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fi ẹjọ́ falẹ̀ ti jèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Gbogbo ọkọ̀ tí ń rìn ní títì ni òfin ní kí ó ní ààbò fún ẹlòmíràn tí ó bá pa lára. Láti oṣù kìíní 2023, owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ náírà 15,000, ó sì lè san tó mílíọ̀nù náírà 3 fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́. Ní oṣù kejì 2025 ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí dá ọkọ̀ dúró nítorí rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ohun tí ìwé náà wà fún? Ọ̀pọ̀ rò pé fún ọlọ́pàá ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ra ayédèrú. Àwọn tí ọkọ̀ gbá sì ń lọ sílé pẹ̀lú "ẹ pẹ̀lẹ́" àti owó ìwẹ egbò. Òfin 2003 kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ 69 ní bí kóòtù bá dá ẹni tí a gbá láre, kí ilé-iṣẹ́ san owó náà fún un láàárín ọgbọ̀n (30) ọjọ́, bí aáwọ̀ tilẹ̀ wà láàárín ilé-iṣẹ́ àti onímọ́tò rẹ̀. Ìyá tí ọkọ̀ gbá kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù. Kí ìjà fọ́ọ̀mù má ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ KỌ́ LÁRA ẸLÒMÍRÀN

Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò kéékèèké níbẹ̀ bá "àyàfi" tiwọn pàdé. Wọ́n ní ìwé tí ó ṣèlérí owó bí àrùn bá da òwò dúró. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní kì í ṣe irú àrùn yìí ni àwọn ń wí. Àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso òwò owó níbẹ̀ kò sọ fún oníkálukú pé kí ó lọ wá lọ́yà tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kó ìwé àdéhùn díẹ̀ jọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí ó pe àwọn ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ ní oṣù kẹfà 2020, nítorí àwọn oníbàárà tí ó tó 370,000. Ní oṣù kẹsàn-án Ilé Ẹjọ́ Gíga dájọ́. Ní oṣù kìíní 2021 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn parí rẹ̀, ó sì dá àwọn oníṣòwò láre nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Oṣù mẹ́jọ péré ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Bí a bá lè da òfin wọn kọ ní 1961, kí ni ó dé tí a kò lè da ìwà rere yìí kọ? Iná yóò tún jó ọjà. Rògbòdìyàn lè tún dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó bá dé, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún aláṣọ máa sáré kiri wá ẹgbẹ̀rún lọ́yà. Kí NAICOM gbé ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ, kí ìdájọ́ rẹ̀ sì mú gbogbo wọn.

OHUN TÍ À Ń BÉÈRÈ

A kò sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó burú. Àwọn tí ń san owó ẹ̀tọ́ láìsí wàhálà wà, a sì kí wọn. A kò sì sọ pé gbogbo oníbàárà ni ó mọ́. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn dáná sun ọjà tí kò tà wà. Àwọn tí ń sọ ọjà ẹgbàá di ọ̀kẹ́ wà. Irọ́ wọn ni ó ń mú kí ilé-iṣẹ́ máa fura sí olóòótọ́. Òfin 2025 ti ní kí ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀mí ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù náírà 15, kí ti ẹ̀mí ní bílíọ̀nù 10. Ó dára, ẹni tí yóò dúró fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó púpọ̀ nínú àpò kò fi hàn pé ọwọ́ yóò wọ àpò.

Nítorí náà ni àwa fi ń béèrè nǹkan mẹ́rin. Kí ojú ewé kìíní ìwé àdéhùn kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ ní èdè tí oníbàárà gbọ́, ní Yorùbá ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a dáàbò bò àti ohun tí a kò dáàbò bò, kí lẹ́tà "àyàfi" má sì kéré ju lẹ́tà orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ. Kí aṣojú tí ó bá kọ fọ́ọ̀mù fún ènìyàn fọwọ́ sí i pé òun ni òun kọ ọ́, kí ilé-iṣẹ́ sì ru àṣìṣe rẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fi owó ẹ̀tọ́ falẹ̀ san èlé tí yóò dùn ún. Kí NAICOM sì gbé ọ́fíìsì ìgbẹ́jọ́ rẹ̀, èyí tí òfin 1997 ti ní kí ó dá sílẹ̀ fún ẹ̀sùn gbogbo ènìyàn, dé ẹnu ọ̀nà ọjà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́ àti ní Òṣogbo. Kí ọ̀nà ẹ̀tọ́ má ṣe jìn ju ọ̀nà tí a fi ń san owó lọ.

Sí ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ẹ san owó yín kí ẹ tó gba ìwé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má ṣe tẹ ìka sí fọ́ọ̀mù tí a kò kà sí yín létí ní èdè tí ó yé yín. Ẹ béèrè "àyàfi" kí ẹ tó béèrè iye owó. Ẹ tún iye ọjà yín kà lọ́dọọdún. Bí òfò bá dé, ẹ kọ̀wé ní ọjọ́ náà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ jọ ra ààbò pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń dá àjọ pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ìyá kan sẹ́yìn kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọjà kan sẹ́yìn.

Orúkọ tí a fún òwò yìí ní èdè wa, àdéhùn ni. Ó pẹ́ ju èyíkéyìí tí lọ́yà kọ lọ, kò sì ní "àyàfi" nínú. Kí adójútòfò dójú ti òfò. Kí ó fi ojú ènìyàn sílẹ̀.